Ẹni Tó Ra Iṣẹ́ Ló Ni Ewu Iṣẹ́

Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ láti Agoè-Nyivé, lẹ́bàá Lomé, lọ sí ìhà àríwá Tógò yóò kan Adétikopé, níbi tí ìjọba Tógò àti Arise IIP ti ṣí ọgbà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PIA ní ọdún 2021. Èrò wọn ni pé kí òwú Tógò, tí wọ́n ti ń kó lọ sókè òkun láìran láìhun, máa di aṣọ nílé. Star Garments ti Sri Lanka wà lára àwọn tó wá ránṣọ níbẹ̀ fún ọjà òkèèrè. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ kan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó oṣù, ta ni yóò dáhùn? Ilé ìtajà tó ní kí wọ́n rán aṣọ náà ni, ibi yòówù kó wà láyé.

Àwọn ilé ìtajà kì í fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn kọ́ làwọn gba aránṣọ síṣẹ́, pé alágbàṣe ló mọ̀. Àwáwí lásán! Ta ló ń dá iye lé ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan? Ta ló ń mú ọjọ́ tí ẹrù gbọ́dọ̀ dé? Ìyàwó tó kó aṣọ ẹbí fún télọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tó sì fẹ́ ẹ láàárọ̀ Sátidé, mọ̀ dájú pé télọ̀ kò ní fojú kan oorun. Ilé ìtajà náà mọ̀. Bí iye tó dá kò bá tó, ara òṣìṣẹ́ ni wọn yóò ti yọ ìyókù.

Ẹ wo Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ ní Savar, lẹ́bàá Dhaka ní Bangladesh. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ògiri rẹ̀ sán. Báńkì tó wà nísàlẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun jókòó sílé. Àwọn aránṣọ tó wà lókè ni wọ́n halẹ̀ mọ́ pé wọn kò ní gbowó bí wọn kò bá wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ilé wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 1,100. Benetton, ilé ìtajà aṣọ kan, kọ́kọ́ sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àmì orúkọ rẹ̀ tí wọ́n rí nínú àwókù ló tú u fó.

Àwọn ilé ìtajà tún máa ń na ìwé ẹ̀rí síni lójú. Ali Enterprises, ilé-iṣẹ́ aránṣọ ní Karachi ní Pakistan, gba ìwé ẹ̀rí SA8000, tó ń sọ pé àyíká iṣẹ́ rẹ̀ dára, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Kò pé oṣù kan tí iná sọ níbẹ̀, ó pa ènìyàn tó lé ní 250, ọ̀pọ̀ wọn há sẹ́yìn fèrèsé onírin. KiK ti Jámánì ni oníbàárà tó tóbi jù níbẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé Dortmund, kóòtù dá a nù ní 2019 torí pé àsìkò tí òfin fàyè gbà ti kọjá.

Àdéhùn tó leyín ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn Rana Plaza, àwọn ilé ìtajà tó lé ní 200 bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí Accord, àdéhùn lórí ààbò àwọn ilé-iṣẹ́ Bangladesh, èyí tí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ yóò jẹ́jọ́ lé lórí. Walmart àti Gap kọ̀, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé iṣẹ́ yóò sá lọ bí wọ́n bá le mọ́ oníbàárà, kí wọ́n wo Bangladesh: aṣọ tó ń tà sókè òkun kúrò ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 21 dọ́là ní 2013, ó ré kọjá bílíọ̀nù 40 ní 2022.

Tógò ti tọ́ òdìkejì irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wò. Lẹ́yìn òfin 1989 tó dá zone franche, àgbègbè òwò òmìnira, sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ apá kan òfin iṣẹ́, pàápàá èyí tó kan gbígbà àti lílé òṣìṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin wà ní 35,000 CFA fún bí ọdún mẹ́wàá, kó tó di 52,500 ní 2023. Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè oníbàárà, ilẹ̀ Faransé ti ṣòfin ní 2017 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rẹ̀ máa mójú tó àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lókè òkun. Òfin Jámánì tó jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023.

Kí PIA tó gba aránṣọ mìíràn wọlé, kí ìjọba kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ gbogbo oníbàárà yóò hàn, pé oníbàárà àti alágbàṣe ni yóò jọ san gbèsè owó oṣù àti owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa, pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè wọlé nígbàkígbà. Ilé ìtajà tí kò bá lè fọwọ́ sí i, kí ó gba ọ̀nà tó gbà wá padà.