Ẹni tó mú orúkọ kan ṣoṣo, ìbò rẹ̀ lè já sọ́nà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látọdún 2021, mo sì fẹ́ẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún yín lónìí, torí èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Brooklyn, ní New York. Ó ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, ó sì forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Democrat. Nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ dìbò abẹ́lé láti mú ẹni tí yóò du ipò méyọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ wọn, nínú oṣù kẹfà ọdún 2021, ọmọ yìí pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Dádì, wọ́n ní ká to orúkọ èèyàn tó tó márùn-ún sórí ìwé ìbò kan ṣoṣo o. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?” Mo ní, “Márùn-ún kẹ̀? Èèyàn mélòó ló fẹ́ẹ́ wọlé? Ta lo fẹ́?” Ó ní Maya Wiley lòun fẹ́. Mo ní, “Ó parí nìyẹn. Mú Maya Wiley, kó o máa lọ sílé. Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo.” Ọmọ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó mú orúkọ kan ṣoṣo. Àṣé èmi ni mo ń sọ ìbò ẹ̀ dòfo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìbò náà ṣe rí, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé èmi náà ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìbò àtòtẹ̀léra. Bí ìgbà tí ìyá rán ọmọ lọ sọ́jà ló ṣe rí. Ó ní kó lọ ra ẹja gbígbẹ wá. Bí kò bá rí ẹja gbígbẹ, kó ra pọ̀nmọ́. Bí kò bá rí pọ̀nmọ́, kó ra ẹyin. Ohun kan ṣoṣo lọmọ máa rà bọ̀, àmọ́ kò ní í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Olùdìbò náà á fi àmì sí ẹni tó fẹ́ jù lọ, á fi sí ẹnì kejì, ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ka ìbò, tí ẹnì kan bá ti ní ju ìdajì lọ, ó ti wọlé nìyẹn. Tí kò bá sẹ́ni tó ní in, wọn á yọ ẹni tó gbẹ́yìn dànù, wọn á wá gbé ìwé ìbò àwọn tó mú un fún ẹni tí wọ́n fi ṣèkejì. Bí wọn á ṣe máa yọ wọ́n nìyẹn títí táá fi ku méjì.

Lọ́dún 2021 yẹn, ìpele kẹjọ ni wọ́n kà á dé. Maya Wiley dé ipò kẹta, wọ́n yọ òun náà. Ó wá ku Eric Adams àti Kathryn Garcia. Ìbò 7,197 péré ni Adams fi ju Garcia lọ. Àmọ́ ìwé ìbò tó lé ní 140,000 ni kò dé ìpele tó gbẹ́yìn yìí, torí kò sí orúkọ ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì lórí wọn. Ìwé ìbò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó ní tóun bá mọ̀ ni, òun ì bá fi Garcia ṣèkejì. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ràn àgbà náà lè kó ọmọ sí wàhálà?

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé irú ètò yìí jáde. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Maine. Lọ́dún 2010, Paul LePage di gómìnà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbò tí kò pé 38 nínú 100. Eliot Cutler, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ní nǹkan bíi 36, olùdíje ẹgbẹ́ Democrat sì kó lára ìyókù. Àwọn tí kò mú LePage pọ̀ ju àwọn tó mú un lọ fíìfíì, àmọ́ wọ́n ti pín ara wọn yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Lọ́dún 2016, àwọn ará Maine fúnra wọn dìbò pé ìbò àtòtẹ̀léra làwọn fẹ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni pé lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù nípìnlẹ̀ náà ní ìwé òfin wọn sọ pé ẹni tí ìbò ẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, kì í ṣe ẹni tó bá ní ju ìdajì lọ. Torí ẹ̀, wọn ò lè lò ó fún ìbò gbogbogbòò ti gómìnà. Ipò tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni ètò ọ̀hún ò kàn! Ìbò abẹ́lé àti ti ilé aṣòfin àpapọ̀ ni wọ́n ń lò ó fún. Lọ́dún 2018, Bruce Poliquin ló kọ́kọ́ síwájú díẹ̀ nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n pín ìbò àwọn tó gbẹ́yìn, Jared Golden ló wọlé. Poliquin pe ẹjọ́, adájọ́ kò dá a láre.

Mi ò ní í tan yín o, ètò náà ní àléébù tiẹ̀. Kíkà ẹ̀ máa ń pẹ́. Lọ́dún 2021 yẹn kan náà, àjọ elétò ìdìbò New York ṣèèṣì ro ìwé ìbò ìdánrawò bíi 135,000 mọ́ ìbò gidi, àfi ìgbà tí wọ́n gbé èsì ọ̀hún kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni “ju ìdajì lọ” tí wọ́n ń wí yìí, ìdajì ìwé tó ṣẹ́kù ni, kì í ṣe ìdajì gbogbo ẹni tó dìbò. Lọ́dún 2024, Oregon, Idaho, Nevada àti Colorado ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Alaska, tó ti ń lò ó láti 2022, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Ìbò tí kò pé 1,000 ló gbà á sílẹ̀. Washington D.C. ní tiẹ̀ gbà á wọlé.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ẹ̀ tó wù mí. Nínú ìbò abẹ́lé New York ti oṣù kẹfà ọdún 2025, Zohran Mamdani àti Brad Lander, tí wọ́n jọ ń du ipò kan náà, jáde sọ fún àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n fi ẹnì kejì ṣe ìkejì. Olùdíje méjì tó ń polongo fún ara wọn! Mamdani ní ìbò tó lé ní 43 nínú 100 lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n pín ìbò àwọn yòókù, ó lé ní 56, ó sì fẹ̀yìn Andrew Cuomo balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Lọ́dún 2023, ẹni tó di ààrẹ wa kò ní tó 37 nínú 100 ìbò, òfin wa sì gbà á bẹ́ẹ̀, torí kò sọ pé dandan ni kó ju ìdajì lọ. Ìka kan, àmì kan, la mọ̀. Òun ni mo gbé sọ́kàn tí mo fi ṣi ọmọ lọ́nà.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní New York, tí wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀, ẹ má fún wọn nírú ìmọ̀ràn tí mo fún tèmi. Ẹ ní kí wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá lè fara mọ́. Ìkejì kò ní í pa àkọ́kọ́ lára, torí wọn ò ní í kà á àfi tí wọ́n bá ti yọ àkọ́kọ́ kúrò. Ẹni tí wọn ò bá fẹ́ rárá, kí wọ́n má fọwọ́ kan orúkọ ẹ̀. Kí wọ́n sì rántí pé ìbò abẹ́lé ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìbò gbogbogbòò oṣù kọkànlá, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́dún 2025. Ó ní, “Dádì, mo mú márààrún o.” Mi ò bi í pé àwọn wo ni. Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Má bínú sí mi.” Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.