Àkàrà Òyìnbó Inú Páálí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ irú èyí tí a ń ra ìyẹ̀fun rẹ̀ ní pípò sílẹ̀ nínú páálí.

Ẹ mọ̀ bí ó ti máa ń rí. Ọjọ́ ìbí ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, owó ọjà kò tó nǹkan, síbẹ̀ ẹ yọ nínú rẹ̀, ẹ ra páálí kan. Àwọn ọmọ àdúgbò péjọ, a gé àkàrà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń béèrè omi, ìyókù sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Owó ti lọ, ojú sì ń ti ìyá ọlọ́jọ́ ìbí. Àwọn mìíràn a wá dá páálí lẹ́bi, wọn a ní ọ̀lẹ obìnrin nìkan ní í lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé iṣẹ́ P. Duff and Sons ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìyẹ̀fun yìí ní àwọn ọdún 1930. Ẹyin gbígbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ pò mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé omi ni ìyàwó ilé yóò kàn dà sí i. Nígbà tí ó di ọdún 1935, wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí òmíràn tí ìyàwó ilé yóò fi ẹyin tútù tirẹ̀ sí. Ìdajì iṣẹ́ ni páálí ṣe. Ìdajì tí ó kù, ọwọ́ yín ni ó wà. Ibẹ̀ gan-an ni rírọ̀ tàbí gbígbẹ àkàrà ti ń wá.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́. Ife tí a kọ sí ara páálí Amẹ́ríkà kì í ṣe ife kífe. Nǹkan bí mílílítà 240 ni. Kọ́ọ̀bù tí ẹ fi ń mu tíì lè kéré sí i, ó sì lè tóbi jù ú lọ. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n tí ẹ kọ sínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí páálí ń fúyẹ́ sí i: èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 517 nígbà kan ti di 432, òmíràn kò sì ju 375 lọ mọ́. Ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ má rà á, nítorí agbára ohun tí ń mú un wú a máa dín kù bí ó bá pẹ́.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe, èkínní ni wàrà. Bí páálí bá ní kí ẹ fi ife omi kan sí i, ẹ fi ife wàrà kan dípò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wàrà inú agolo tí ó ki, ẹ fi omi là á ní ìdajì sí ìdajì. Èkejì ni pupa ẹyin kan, ní àfikún sí iye ẹyin tí páálí bá sọ. Ọ̀rá wà nínú pupa ẹyin, ó sì ń mú kí àkàrà rọ̀. Ẹ̀kẹta, bí òróró ni páálí pè, òróró ni kí ẹ lò. Bọ́tà dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dì nínú ohun tútù. Òróró kì í dì bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sí i ju bí wọ́n ti wí lọ, kí àárín àkàrà má baà jìn wọlé.

Bí ẹ bá ń rò ó, ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí a bá ro ìyẹ̀fun ní àròjù, àkàrà yóò yi. Bí ó bá ti pò pọ̀ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀.

Iná ni ó ń gbẹ àkàrà jù lọ. Ẹ jẹ́ kí ààrò gáàsì yín gbóná dé 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ẹ tó gbé páànù wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìkòkò oníyanrìn yan tiyín lórí sítóòfù tàbí èédú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí iyanrìn gbóná, ẹ dé e dáadáa, kí iná má sì pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí àkókò tí páálí dá tó pé, ẹ fi igi ìtayín tí ó mọ́ gún àárín rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì jinná. Bí ó bá jẹ́ pé èérún rírọ̀ díẹ̀ ni, ẹ gbé e kúrò kíákíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ lá ìyẹ̀fun tútù nínú abọ́. Ẹyin àti ìyẹ̀fun tí kò jinná lè dá àìsàn inú sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí ó sinmi nínú páànù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó dà á jáde. Bí ó bá tutù tán, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ wé e, tàbí kí ẹ gbé e sínú agolo tí ó dé pinpin.

Bí ó bá sì ti gbẹ ná ńkọ́? Ẹ má kó o dànù. Ẹ se ṣúgà àti omi ní ìwọ̀n kan náà títí ṣúgà yóò fi yọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi igi ìtayín gún ojú àkàrà káàkiri, kí ẹ sì máa fi ṣíbí ta omi ṣúgà náà sí i díẹ̀díẹ̀. Yóò fà á mu, yóò sì rọ̀.

Owó tí ẹ fi ra páálí kò ní ṣòfò, ọmọ yóò yọ̀, àlejò yóò sì béèrè pé ta ni ó yan án. Ẹ dáhùn láìtijú pé ẹ̀yin ni. Ó di oṣù tí ń bọ̀.