Ẹ Má Tíì Ya Katakata Náà Sí Méjì

Katakata àtijọ́ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá Massey Ferguson 135 tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1964. Ẹni tí ó bá ya irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí méjì láìnídìí yóò ná owó ńlá, òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í dúró de mẹkáníìkì.

Àwo méjì ni ó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, táyà yóò dúró. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, irin ẹ̀yìn tí ń yí ẹ̀rọ ìgékoríko, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní PTO, yóò dúró pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ó bá ń túlẹ̀ dáradára, ṣùgbọ́n tí abẹ ń kú nínú igbó tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké, àwo ti PTO ni kí a fura sí.

Bí PTO kò bá dúró, tàbí tí jíà rẹ̀ ń ha, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bí irin ìtẹ̀ ti ń rìn lófo tó kí ó tó kan iṣẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò lè tú tán. Bí kò bá sí rárá, yóò máa yọ̀, bí ẹni pé awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e láti àárọ̀. (Àwọn mìíràn a sì máa gbé e lé e ní tòótọ́!) Ẹ̀yin tí ń wọ agbádá lọ sóko, ẹ gbọ́: irin náà ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tí ó lè já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá wá di dandan láti yà á, tí a sì bá ọ́ìlì lára àwo, ẹ má gbà kí wọ́n pààrọ̀ àwo nìkan. Ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò kí ẹ tó dì í padà.