Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Sítábíláísà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wa



Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, nígbà tí awakọ̀ kan dìde tí ó ní ariwo tí ń dún lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ti dákẹ́ pátápátá, nítorí pé mẹkáníìkì ti tú sítábíláísà rẹ̀ dànù. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn ní àwọn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ àwọn. Àwa kò pàtẹ́wọ́, a sì rò pé ó yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Bí ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ bá tú irin ìdáàbòbò kúrò lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, tí ó ní ó ń pariwo jù, kí ni a ó ṣe? A ó pa ẹ̀rọ náà ni, a ó sì ránṣẹ́ pe akọ̀wé ẹ̀ka. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 wà lẹ́yìn wa, nítorí ó pàṣẹ pé kí wọ́n bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, àwa kan náà ni a ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí a ó tú irin tí ó ń dáàbò bo ọkọ̀ wa, tí a ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ló dé tí a fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wa?

Kí ni sítábíláísà yìí ń ṣe gan-an? Ọ̀pá irin líle kan ni, tí ó tẹ̀ ní ìhà méjèèjì, tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Bọ́ṣì rọ́bà méjì àti ìdè irin méjì ni ó so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní orí rẹ̀ méjèèjì, línkéèjì kọ̀ọ̀kan ni ó so ó mọ́ irin tí ó gbé táyà ró. Bí táyà méjèèjì bá gun òkìtì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá yìí kàn ń yí nínú bọ́ṣì rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà tí ara rẹ̀ fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí kan ọ̀pá náà yóò lọ sókè, èkejì yóò lọ sílẹ̀, ọ̀pá yóò sì lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Irin náà kò fẹ́ lọ́. Ó fẹ́ padà sí bí ó ṣe wà. Agbára tí ó fi fẹ́ padà yẹn ni ó ń di ọkọ̀ mú kí ó má dà jù.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé ẹni tí ó dá wà nínú ọkọ̀, tí ó rọra ń wakọ̀ ládùúgbò, lè má mọ̀ pé ọ̀pá náà kò sí mọ́. Ibi tí ó ti ń tan ni jẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kún fún èrò, kí ẹrù wà lórí rẹ̀, kí kòtò yọ lójijì ní kọ́nà, kí awakọ̀ yí ọwọ́ síhìn-ín kí ó tún yí i sọ́hùn-ún. Ìgbà náà ni ọkọ̀ yóò máa mì bí igbá orí omi, tí awakọ̀ yóò sì máa wá ohun tí yóò dì í mú. Èyí tí ó tún léwu ni kí wọ́n tú ti iwájú kí wọ́n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, nítorí pé ìdí ọkọ̀ á máa fẹ́ yọ síta ní kọ́nà, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti wọn ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn kí wọ́n tó fi wọ́n sí i. Bí a bá yọ ọ̀kan, a ti da ìwọ̀n náà rú.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé ẹ kò mọ bí títì wa ti rí ni? Bí a bá fi tuntun sí i, yóò tún pariwo." A mọ̀ ọ́n. Orí títì kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Ṣùgbọ́n nǹkan tí ń dún kò-kò-kò yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọ̀pá náà rárá. Bọ́ṣì tí ó ti jẹ tàbí línkéèjì tí ó ti yọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí máa ń jẹ bí páàdì bíréèkì ti ń jẹ, a kò sì gbọ́ rí pé ẹnì kan tú bíréèkì dànù nítorí pé páàdì rẹ̀ tán. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọ inú, tàbí tí ó ti sán, ìgbà náà ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ní ọ̀pá yìí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ Camry ní i. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kékeré kan wà tí igi irin kan ṣoṣo so táyà ẹ̀yìn wọn pọ̀, tí kò ní ọ̀pá tí a lè tú lọ́tọ̀.

Ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀ nílé? Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ju òṣìṣẹ́ tí ó mọ sípánà dì mú lọ. A kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí pé ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni gbogbo nǹkan ti gun òkè, 70,000 náírà tí òfin 2024 sì pè ní owó oṣù tí ó kéré jù lọ kò tó ohun tí ẹni tí ó ní ìdílé lè fi ṣe eré. Ẹni tí ó bá fi owó iṣẹ́ pamọ́ fún owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin ìdáàbòbò bá ń bá wa gbé ní ilé iṣẹ́, ó yẹ kí ó bá wa délé pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí: jáàkì. Jáàkì wà láti gbé ọkọ̀ sókè. Kò wà láti gbé e dúró lórí ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Òpó irin tí a ń gbé sábẹ́ ọkọ̀ ni kí a fi gbé e, méjì, lórí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú. A kò gbọdọ̀ fi bulọ́ọ̀kù ilé rọ́pò rẹ̀, nítorí bulọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Ẹ sì fi ọkàn sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò rò ó: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Bí a bá ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, bíréèkì ọwọ́ kò di nǹkan kan mú mọ́. Igi tàbí òkúta ńlá ni kí a fi há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn, kí a tó fi ọwọ́ kan jáàkì. Bí a bá ti gbé ọkọ̀ lé òpó irin tán, kí a fi ọwọ́ mì í dáadáa. Bí yóò bá ṣubú, kí ó ṣubú nígbà tí a wà níta. Táyà tí a tú, kí a tì í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí nǹkan bá yẹ̀, irin yóò bà lé e kí ó tó bà lé wa.

A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ìdí kan tí ó kan ẹgbẹ́. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 wà fún ẹni tí ó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ ara rẹ̀ bá wó lù ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin náà. Kò sí ẹ̀san tí akọ̀wé wa lè bá ìdílé rẹ̀ béèrè. Owó ìsìnkú tí a bá dá ni yóò kù, a kò sì fẹ́ dá irú owó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹnu nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì fi epo tí ń tú ìpẹtà sí i kí ó mu ún mọ́jú. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni kí ẹ gbé, kí wọ́n rọ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá gbé ìhà kan ṣoṣo, ọ̀pá yóò ti lọ́, ó sì lè ta bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì tí ó kẹ́yìn. Ẹ dúró kí páìpù èéfín tutù. Ẹ kọ́kọ́ tú línkéèjì. Bí ìdí rẹ̀ bá ń yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, ẹ fi Allen key di àárín rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú ìdè méjèèjì, kí ẹnì kejì sì bá yín gbé ọ̀pá náà, nítorí ó wúwo, àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà. Ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà bíréèkì àti wáyà tí ó wà nítòsí.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ tẹ́ òun àti ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Gígùn, ìtẹ̀, àti nínípọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ọlọ́jà lè sọ fún yín pé èyí tí ó nípọn sàn jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọ̀pá tí ó fi milimítà 2 nípọn ju ti milimítà 20 lọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì le jù ú lọ, bí a bá sì fi èyí sẹ́yìn nìkan, ìdí ọkọ̀ lè máa yọ ní kọ́nà. Èyí tí ó bá ọkọ̀ náà wá ni kí ẹ rà. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì dúdú pa bọ́ṣì, nítorí ó lè jẹ rọ́bà. Omi ọṣẹ tó láti fi tì í wọlé, bí ìwé ọkọ̀ kò bá sọ ohun mìíràn. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí ọ̀pá sì wà láàárín gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà tí a ti tú, tuntun ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n tí a ó fún un dé wà nínú ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Sípánà oníwọ̀n ni kí a fi fún un, kì í ṣe ìbínú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí bóòlùtì bá já sínú irin abẹ́ ọkọ̀, tàbí tí ẹ bá rí i pé ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀ gan-an, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ pe mẹkáníìkì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni òun náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí orí ọkọ̀ ara wa. Awakọ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ oníṣẹ́, tí ó bá bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò tí ó rí i pé wọ́n ti tú sítábíláísà tàbí línkéèjì rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àbùkù ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì sọ fún aṣojú ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, awakọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí ó ní kí wọ́n tú u.

A sì ní àbá kan fún ìgbìmọ̀ ẹ̀ka. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́, kí a fi ra òpó irin mẹ́rin àti sípánà oníwọ̀n kan, kí wọ́n wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wá yá wọn ní ọjọ́ Ẹtì kí ó dá wọn padà ní ọjọ́ Ajé. Owó rẹ̀ kò ní tó èyí tí a ń ná lórí òkú kan. Ẹ jẹ́ kí a gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a sì na ọwọ́ sókè fún un.