Kọ̀ǹpútà Ilé Ti Kún: Kí Ni Kí A Kó Dànù?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ ń lò ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Inú rẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó wà, inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ wà, inú rẹ̀ náà ni ìyá ń kọ ìṣirò ọjà rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí ó bá kọ ọ́ sójú pé kò sí àyè mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán rẹ́, nítorí pé àwòrán ni ojú wọn kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ìlànà kan ṣoṣo ni kí a dì mú: ohun tí a lè rí gbà padà ni kí a kó jáde. Áàpù tí a yọ kúrò lónìí, a lè tún un gbà lọ́la. Àwòrán ìyá àgbà tó ti lọ sinmi, níbo ni a ó ti tún un yà?

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àkọ́kọ́, pípa àwòrán kékeré tí a ń tẹ̀ kí áàpù tó ṣí kò yọ áàpù náà kúrò. Ó dà bí orúkọ tí a kọ sára ilẹ̀kùn: bí a tilẹ̀ pa á rẹ́, onílé ṣì wà nínú yàrá. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ wo èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí a kò lò mọ́, kí ẹ sì tẹ Uninstall. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ pa nǹkan rẹ́ nínú Program Files, kí ẹ má baà ba áàpù mìíràn jẹ́.

Èkejì, ẹ wo inú Downloads. Fáìlì tí a fi gbé áàpù sórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Irú èyí ni kí a pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí tàbí rìsíìtì lè fara pamọ́ sáàárín wọn.

Ẹ̀kẹta, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ sì ti bọ́ sí Windows 11. Bí a bá ṣe irú àyípadà yìí, Windows a tọ́jú ti àtijọ́ sínú fódà tó ń jẹ́ Windows.old, èyí tó lè gba ọ̀pọ̀ gígábáìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á rẹ́. Bí àyè bá há jù, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, lẹ́yìn náà Temporary files, kí ẹ mú Previous version of Windows. Kí ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn èyí, kò sí pípadà sẹ́yìn ní ìrọ̀rùn mọ́. Downloads náà wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe mú un láìwo inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, fáìlì tí a pa rẹ́ sábà máa ń lọ sínú Recycle Bin, ó sì ń gba àyè síbẹ̀ títí a ó fi dà á nù. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dà á nù.

Lákòótán, kí ọkọ má ṣe dá a ṣe lẹ́yìn aya, kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò má sì ṣe dá a ṣe lẹ́yìn òbí. Ohun tí ẹnì kan pè ní pàǹtírí lè jẹ́ ìṣúra ẹlòmíràn. Ẹ jọ jókòó, ẹ bi ara yín léèrè, kí ẹ sì kọ́kọ́ da àwọn àwòrán yín kọ sórí fláàṣì.