Kí Ìdílé Tó Gbéra Lọ sí Ìkògòsì

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Angondjé, ní ìlú Akanda tó fara kan Libreville ní orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n, Màmá na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń fi òróró ra orúnkún. Ìyá Ìbejì ń ká aṣọ, ọkọ rẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù. Màmá kàn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni: "Ká ní omi Ìkògòsì wà nítòsí, ǹ bá ki orúnkún yìí bọ̀ ọ́."

Àwọn ìbejì, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí Faransé sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, béèrè ohun tó ń jẹ́ Ìkògòsì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, Bàbá Ìbejì ti ń wo iye owó ọkọ̀ òfúrufú oṣù kẹjọ lórí fóònù rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni ọlidé gígùn àwọn ọmọ.

"Ẹ dúró ná, Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ta ni a tìtorí rẹ̀ ń lọ gan-an?"

"Màmá ni."

"Ó dáa. Màmá ni ká bi léèrè nígbà náà, kì í ṣe fóònù."

Ìbéèrè tí obìnrin yìí bi ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nítorí àgbàlagbà ni ìdílé ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà ni kí wọ́n fi wọn ọ̀nà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ọlidé àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e.

Ìkògòsì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàárín òkè àti igbó. Ìsun méjì ló ń ṣàn níbẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣàn títí wọ́n fi pàdé, débi pé èèyàn lè ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, kó ti ìkejì bọ omi tútù. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀ ni pé ìyàwó ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì. Èyí tí ara rẹ̀ máa ń gbóná di omi gbígbóná, onísùúrù di omi tútù, ọkọ wọn sì di òkè. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní tiwọn sọ pé òjò ni omi náà. Ó gba ojú àpáta tó sán wọlẹ̀, ó jìn dé ibi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, ó sì tún rí ojú ibòmíràn jáde. Kò sí òkè oníná kankan nítòsí.

Ní 1952, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibẹ̀ di àgọ́ ìsinmi. Láti ìgbà náà ni ilé ìbùsùn ti wà níbẹ̀, tí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n darí omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí náà sì wà. Iléèwé ló kó Màmá lọ síbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Kò padà débẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yí ètò Bàbá Ìbejì padà ni òjò. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn ni ní Libreville, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kán rárá ní oṣù keje. Ẹni tó bá wà ní Akanda lásìkò yẹn á rò pé gbogbo ayé ló gbẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni ní Èkìtì. Lóòótọ́ òjò máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dákẹ́ lọ́sẹ̀ tí àlejò fẹ́ dé. Òkúta tó tutù máa ń yọ̀, ọ̀nà orí òkè sì máa ń bàjẹ́. Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, eré ni. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá yọ̀ ṣubú lè sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé rìn.

Ọlidé Kérésì ló dára jù. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé Èkìtì nígbà náà, ilẹ̀ ti gbẹ. Owó ọkọ̀ òfúrufú máa ń wọ́n ní oṣù kejìlá, nítorí náà ẹni tó bá máa lọ ní láti tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ náà máa ń mú láàárọ̀ lórí òkè Èkìtì, ẹni tó ti pẹ́ nínú ooru Gàbọ̀n kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé aṣọ òtútù.

Lẹ́yìn òjò ló kan ìwé. Gàbọ̀n kò sí nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, nítorí náà ẹ̀tọ́ tí ọmọ Nàìjíríà ní láti wọ Lomé tàbí Cotonou láìgba físà kò dé Libreville. Káàdì àṣẹ ìgbé, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour, ni yóò mú ìdílé padà wọlé. Kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ àtilọ nìkan ni wọ́n máa wò lójú káàdì náà, ọjọ́ àtibọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Páásípọ́ọ̀tù ọmọdé ní Nàìjíríà kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ, ó sì máa ń tán láìjẹ́ pé òbí rántí. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Màmá kò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ó rántí bí wọ́n ṣe ròyìn 1978 fún un, nígbà tí ìjọba Gàbọ̀n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò nílùú nítorí ìjà àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì. "Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀," ó wí fún ọkọ ọmọ rẹ̀, "ìwé rẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ti Libreville lọ Èkó máa ń gba Lomé. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Gàbọ̀n àti èyí tí wọ́n ń ná ní Tógò, iye kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í gba èyí níbi tí wọ́n ti ń ná tọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ fún ọmọ ní Lomé ní láti ti ronú sí i kó tó kúrò nílé.

Láti Èkó, ọ̀nà gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ sí Arámọ̀kọ, kí wọ́n tó yà gba Erìjìyàn dé Ìkògòsì. Bàbá Ìbejì fẹ́ sáré é tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Ìdí méjì ló mú wá. Àkọ́kọ́ ni pé ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ ni orúnkún Màmá kórìíra jù. Èkejì ni ààbò. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé kan gbé ní Ẹmúrè lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ìdí tí arìnrìn-àjò fi gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé Ìbàdàn ni wọn yóò sùn, wọn yóò gbéra ní kùtùkùtù, wọn yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Èkó dé Àkúrẹ́, kó wá ti ibẹ̀ gba ilẹ̀ lọ.

Ó wá ku omi fúnra rẹ̀. Ìwé ìpolówó sábà máa ń sọ pé ooru rẹ̀ tó 70 lójú ìsun. Àwọn onímọ̀ tó fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n rí i pé nǹkan bí 37 sí 38 ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ooru ara èèyàn lọ. Kì í bó ni lára. Ó ń tu iṣan lára, ó sì ń jẹ́ kí oríkèé tó le rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kì í wo aromọléegun sàn, kò sì rọ́pò oògùn.

Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí sì ṣe kókó. Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ máa ń fẹ ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá á sì wálẹ̀. Bí àgbàlagbà bá pẹ́ nínú rẹ̀, tó wá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kó jókòó sí etí omi díẹ̀ kó tó dìde, kó mu omi, kí ẹnì kan sì di apá rẹ̀ mú. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò níbikíbi, ìgúnpá ni kó fi dán an wò. Dókítà tó mọ ara rẹ̀ ni kó sì kọ́kọ́ rí kó tó kúrò ní Libreville.

Àwọn ìbejì ti gbọ́ nípa ìṣàn omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkògòsì. Gígùn òkè ni ibẹ̀. Bàbá wọn ni yóò mú wọn lọ ní ọjọ́ kejì, Màmá àti ọmọ rẹ̀ yóò sì jókòó ti ìsun.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, Ìyá Ìbejì pe ilé ìbùsùn náà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan. Ó béèrè bóyá odò ìlúwẹ̀ẹ́ ń ṣiṣẹ́, bóyá iná wà, àti iye àtẹ̀gùn tó wà láti yàrá dé etí omi. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ku ohun tí ẹ fẹ́ kí n bi wọ́n?"

Màmá ronú díẹ̀. "Bi wọ́n bóyá ibi tí èèyàn lè jókòó sí wà níbi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ pa ìtàn orogún yẹn fún àwọn ọmọ. N kò lè fi ìnàró pa á."