‘Èèkàn Ẹ̀yìn’ tàbí ‘Èèkàn Òkèèrè’? Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí Gọ́ọ̀fù

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ń sa ipá wọn láti rí i pé èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ òde òní. Ní 1970 ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lọ sínú wọn kò ní rí púpọ̀ mú bọ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun tí a torí rẹ̀ kọ wọ́n nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú eré gọ́ọ̀fù. Òun ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘back tee’, ìyẹn ibi tó jìnnà jù lọ sí ihò nínú gbogbo ibi tí a ti lè kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Èrò tèmi ni pé ‘èèkàn òkèèrè’ ló yẹ kí a máa pè é. ‘Èèkàn ẹ̀yìn’ ni ẹni tó bá di ìwé atúmọ̀ èdè mú yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni yóò ti ṣìnà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú eré àwọn olówó. Ìbéèrè náà tọ́. Kí ẹni tó bá ń bi í lọ dúró díẹ̀ ní Marine Beach ní Èkó. (Orúkọ náà ń pe etíkun, ṣùgbọ́n afárá àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ojú àlejò yóò kọ́kọ́ rí níbẹ̀, orúkọ òyìnbó a máa dúró gbọnin lẹ́yìn tí ohun tó ń pè ti yí padà.) Apá kan rẹ̀ ni Àpápá, pẹ̀lú èbúté àti àwọn ilé ọlọ́gbà, apá kejì ni Ajégúnlẹ̀, níbi tí èrò ti pọ̀ bí eéṣú. Ajégúnlẹ̀ yìí ni Samson Siasia, Emmanuel Amuneke, Taribo West àti Odion Ighalo ti jáde wá. Kò sí ìgbìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó jókòó ṣẹ̀dá èdè bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún wa. Àwọn tó ń gbá a, àwọn tó ń wò ó àti àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ lórí rédíò ni wọ́n fi ẹnu wọn mọ ọ́n: agbábọ́ọ̀lù, aṣọ́lé, àwọ̀n, àmì ayò. Lónìí, kò sí ọmọ tí ‘ó gbá a sáwọ̀n’ rú lójú.

Gọ́ọ̀fù kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ló ń gbé. Ẹgbẹ́ Ìkòyí, tó fi 1938 sínú orúkọ ara rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ àtijọ́ ní Èkó, kò sì sí bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ yóò ṣe máa kọjá létí pápá rẹ̀ kí ó sì dúró wòran. Síbẹ̀, àwọn tó ń gé koríko, tó ń tún ilẹ̀ ṣe, tó ń gbé àpò ọ̀pá kọ́ èjìká tẹ̀ lé àwọn olówó wọ̀nyí, kì í ṣe olówó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun ló jẹ́ pé kádì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Bí ọmọ kádì bá fẹ́ kọ àròkọ Yorùbá nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ pé gbogbo ìlà ni yóò ti máa yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn olówó ní èdè tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀.

Kí a tó sọ nǹkan lórúkọ, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Pápá gọ́ọ̀fù tó pé ní abala 18. St Andrews ní Scotland ni iye yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1764. Ní abala kọ̀ọ̀kan, a ó gbá bọ́ọ̀lù láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 108. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan sún mọ́ ihò, òmíràn jìnnà sí i. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù láti èyí tó jìnnà jù ní gbogbo abala, pápá ìdíje òde òní sábà máa ń lé ní yáàdì 7,000, ìyẹn nǹkan bí mítà 6,400. Láti èyí tó sún mọ́ ihò jù, ó lè máà tó yáàdì 5,000.

Gígùn yìí nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ẹni tó ya pápá ti máa ń hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú kòtò yanrìn kan tó wà ní mítà 230 sí èèkàn tó jìnnà jù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti èèkàn tó fi mítà 80 sún mọ́ iwájú lè gbá bọ́ọ̀lù fò ó kọjá láìmọ̀ pé kòtò kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókèèrè yóò rí i pé ibi tí agbára òun mọ gan-an ni kòtò náà ti la ẹnu sílẹ̀. Ó lè gbá a kí ó má dé ibẹ̀, kí ìgbá kejì sì gùn fún un. Ó lè gbá a gba ẹ̀gbẹ́, níbi tí igbó ti sún mọ́ ojú ọ̀nà. Ó sì lè gbá a fò ó, bí àyà rẹ̀ bá gbà á. Bákan náà ni ti omi. Bí etí adágún bá ń yà wọ inú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, agbágọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu iye omi tí òun fẹ́ fò kọjá. Bí ó bá ṣe láyà tó ni ohun tó kù fún un yóò ṣe kúrú tó. Ẹni tó bá mọ pápá Lákòwé, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí adágún omi pọ̀ nínú rẹ̀, yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Pápá tí kò ní ọgbọ́n nínú kì í bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Gígùn nìkan ló máa ń gùn sí i: apá á máa roni, orí á sì jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe.

Èyí ló mú mi padà sí ọ̀rọ̀ ‘ẹ̀yìn’. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ẹ̀rí kan tó lágbára lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Wọn yóò ní kò sí ibi tí òwe yìí ti bá a mu ju ẹsẹ̀ ẹni tó kúrò ní èèkàn iwájú tó lọ sí ti ẹ̀yìn. Ó dùn létí, àmọ́ kò bá iṣẹ́ náà mu. Àgbò fẹ̀yìn rìn kí kíkàn rẹ̀ lè le sí i. Àǹfààní ló lọ wá. Ẹni tó fẹ̀yìn lọ sí èèkàn tó jìnnà kò rí agbára kankan gbà níbẹ̀. Ìṣòro ló lọ fi owó ara rẹ̀ rà. Bí a bá gbé òwe àgbò wọ inú èdè-ìperí yìí, a ó kọ́ ọmọ ní òdì ohun tó yẹ kí ó mọ̀.

Ìdí kejì wúlò jù fún olùtumọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe abala mẹ́sàn-án tó gbẹ̀yìn ní ‘back nine’. Níhìn-ín, ‘ẹ̀yìn’ tọ̀nà, nítorí pé lẹ́yìn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni a ń gbá wọn. Bí a bá wá ń pe èèkàn tó jìnnà ní ‘èèkàn ẹ̀yìn’, kí ni a ó pe èèkàn mẹ́sàn-án ẹ̀yìn? Gbólóhùn bíi ‘Ó gbá a dáradára láti èèkàn ẹ̀yìn’ yóò ní ìtumọ̀ méjì, òǹkàwé kò sì ní mọ èwo ni kí òun mú. ‘Òkèèrè’ kò ní wàhálà yìí. Bí a bá pe èyí tó sún mọ́ ihò ní ‘èèkàn ìtòsí’, gbogbo àwọn tó wà láàárín wọn yóò rí ibi dúró sí.

N kò tíì sọ ìdí tí mo fi ń lo ‘èèkàn’. Bí a bá yá ‘tee’ lò gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dún, ‘tíì’ ni yóò dà, èyí tí a sì ń mu láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì nìyẹn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n ń gbọ́, Faransé sì ń pe ibẹ̀ ní ‘départ’, ibi ìgbéra. Bí oníkálukú bá ń yá tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ níwèé, Yorùbá méjì ni a ó ní. Igi kékeré ṣóńṣó tí a ń gún mọ́ ilẹ̀, tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, èèkàn ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá ti so ewúrẹ́ rí. Ilẹ̀ tí a ń gún un mọ́ á wá jẹ́ ‘ojú èèkàn’.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ lòdì sí títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ‘green’, ibi tí koríko ti kúnlẹ̀ dáradára yí ihò ká. Ní ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, kò sí koríko níbẹ̀ rárá. Yanrìn tí a pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì ni, a sì máa ń fi nǹkan wọ́ ọ kí ó lè tẹ́jú kí ẹni tó kàn tó yí bọ́ọ̀lù. Àwọn òyìnbó tó ń gbá gọ́ọ̀fù níhìn-ín kò lè pe ohun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní àwọ̀ ewé. ‘Brown’ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà náà ni Sandy Lyle, ọmọ Scotland tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, gba ife-ẹ̀yẹ Nigerian Open ní Ìkòyí ní 1978, pẹ̀lú ìgbá 61 ní ọjọ́ kìíní àti 63 ní ọjọ́ kejì. Ó ṣe Open ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ní 1988 lẹ́yìn náà. Bí àwọn tó ni èdè bá lè pa ọ̀rọ̀ ara wọn tì nígbà tí ilẹ̀ Nàìjíríà takò ó, kí ló dé tí akọ̀ròyìn Yorùbá yóò fi máa kọ ‘ibi aláwọ̀ ewé’? ‘Àgbàlá ihò’ ni mo dábàá. Àgbàlá lè ní koríko, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ gbígbá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé a tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan náà ni mo ní lòdì sí pípe èèkàn ní àwọ̀: èèkàn dúdú, funfun, pupa. Àwọ̀ tí ẹgbẹ́ kan fi sí òkèèrè lè jẹ́ ti ìtòsí ní ẹgbẹ́ mìíràn. ‘Èèkàn obìnrin’ kò sì yẹ ní gbígbà wọlé. Òfin òde òní kò ya èèkàn sọ́tọ̀ fún akọ tàbí abo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni à ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 2019, àwọn aláṣẹ méjì tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù ní àgbáyé, R&A àti USGA, tún èdè òfin náà kọ. Wọ́n pa ‘through the green’ tì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tètè yé, wọ́n sì fi ‘general area’ rọ́pò rẹ̀. ‘Teeing ground’ di ‘teeing area’. Èyí ni àkókò tó wọ̀ jù fún wa láti túmọ̀ òfin náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sọ ohun tó ń ṣe.

Gbogbo àbá mi wọ̀nyí, ọ̀fíìsì ni mo ti mú wọn jáde, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú ìwé kí a tó gbé wọn lọ sí ẹnu àwọn kádì. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kí a mú tiwọn. Mo tilẹ̀ ń fura sí ‘agbápò’ tí ẹnìkan lè dábàá fún kádì: gbé àpò ló ti wá, ṣùgbọ́n níbi tí ‘gbá’ ti jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, yóò dún bí ẹni pé àpò ni a ń gbá. Ẹ jẹ́ kí kádì máa jẹ́ kádì.

Ó ku ‘slope’, nọ́ńbà tí a fún èèkàn kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí ìnira rẹ̀ fún agbágọ́ọ̀fù lásán ti ju ti ọ̀gá lọ. Ó ń bẹ láti 55 dé 155, 113 sì ni a mú gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àárín. Ti èèkàn òkèèrè ló sábà máa ń ga jù. Olùtumọ̀ tó bá kánjú yóò pè é ní ‘gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè’, bẹ́ẹ̀ kò sí òkè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlà orí àtẹ ìṣirò ni wọ́n ti mú un. Àwọn tó ń fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ń retí àbá wọn.